Fréjọ̀n Nínú Àwo, Kẹ̀kẹ́ Lábẹ́ Ìdí: Oúnjẹ Ilé Kò Gbọdọ̀ Kú Ní Làfíàjì

Ẹ̀yin ìyá wa l'ọ́jà Sandgrouse, ẹ̀yin télọ̀ ojú ọ̀nà Igbóṣẹrẹ, ẹ̀yin káfíńtà, ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin fọkanáísà, ọ̀rọ̀ ikùn la bá dé lọ́sẹ̀ yìí. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín, kí oníkálukú dá ara rẹ̀ lóhùn. Nígbà wo lẹ jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè nínú ilé yín gbẹ̀yìn, tí ẹ fìdí kalẹ̀ jẹ ẹ́, tí oníbàárà kankan kò pè yín, tí ẹ lá ọwọ́ tán kí ẹ tó dìde? Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní àná ni. Ọlọ́run bá wọn ṣe é. Àwọn tó kù ń ka oṣù lórí ìka.

Mi ò bú olóúnjẹ o! Kí ìyá ẹlẹ́wà àgànyìn má bínú sí mi, kí mọ́là onísúyà Ọbaléndé má sì sọ pé mo fẹ́ ba ọjà òun jẹ́. Àwọn ló ń bọ́ wa. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó jáde nílé láago márùn-ún ìdájí, tí kò ní padà títí aago mẹ́sàn-án alẹ́, bí kò bá rí bùkà, ebi ni yóò gbé e ṣubú nídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta oúnjẹ fún ọ kò mọ̀ pé dókítà ti ní kí o dín iyọ̀ kù. Kò mọ̀ pé ọmọ rẹ kejì kì í jẹ edé. Ìyá rẹ mọ̀. Ìyàwó rẹ mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Ní Làfíàjì àti Campos, àti káàkiri Pópó Àgùdà, oúnjẹ kan wà tí bùkà kò tíì rí gbà lọ́wọ́ ilé. Fréjọ̀n ni. Ẹ gba ojú ọ̀nà Bámgbóṣé tàbí Tòkunbọ̀ kọjá lọ́jọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ tí àwa ń pè ní Gúdù Fúráìdè, kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù. Òórùn àgbọn ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Lẹ́yìn náà lẹ ó gbọ́ ìró epo tí ẹja ń yan nínú rẹ̀, lẹ ó wá rí àwọn ọmọdé tí wọ́n gbé àwo tí wọ́n fi àwo mìíràn dé lórí, tí wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin.

FRÉJỌ̀N, Ẹ̀WÀ TÓ RÌNRÌN ÀJÒ

Ẹ̀wà ni àwọn Potogí ń pè ní feijão. Ẹnu àwọn ìyá wa ló yí i padà di fréjọ̀n. Àwọn tó gbé e dé ni àwọn Àgùdà, ọmọ Yorùbá àti ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí àwọn àti ọmọ wọn sì padà wálé. Ní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tó wà lóko ẹrú, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, dìtẹ̀ sí àwọn òyìnbó ní ìlú Salvador ní Bahia. Wọ́n ṣẹ́gun wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba ìjọba ibẹ̀ débi pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira. Ọ̀pọ̀ mìíràn fúnra wọn ra òmìnira, wọ́n sanwó ọkọ̀ ojú omi, wọ́n forí lé Èkó. Ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí kò jìnnà sí ibi tí mo ń sọ yìí. Gbàgede Campos jẹ́ orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ìdílé wọn.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí orí yín wú díẹ̀: bíríkìlà, káfíńtà àti télọ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn yìí. Àwọn ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Holy Cross ti àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1880, èyí tí Kàtídírà tó wà níbẹ̀ lónìí gba ipò rẹ̀. Mọ́sáláàṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, ọmọ Àgùdà, João Baptista da Costa, ló ya àwòrán rẹ̀. Onígbàgbọ́ kọ́ mọ́sáláàṣí, àwọn Mùsùlùmí kí i, kò sí ẹni tó jà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé títí di òní olónìí, bí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ bá dé ní Bahia, ẹ̀wà tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀ náà. Feijão de leite ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń ta àkàrà lójú pópó Salvador, tí wọ́n wọ aṣọ funfun, acarajé ni wọ́n ń pe ọjà wọn. Àkàrà wa náà ni. Òkun Àtìláńtíìkì wà láàárín wa, ọwọ́ wa ṣì wà nínú ìkòkò kan náà.

Fréjọ̀n kò yá ní sísè, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Bí a bá fẹ́ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àlàmísì ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà dúdú tí wọ́n ń pè ní ẹ̀wà ìbejì ló yẹ ẹ́, àwọn mìíràn ń lo ẹ̀wà pupa. Ẹ ṣà á, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, kí ẹ da omi ìrẹ náà nù, ìyẹn á jẹ́ kí ikùn lè sinmi lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá gbé e kaná, ẹ sè é títí tí yóò fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi ìka méjì tẹ ẹ́, á fọ́ láìjanpata. Ẹ̀wà tó bá ṣì ní egungun nínú kò lè di fréjọ̀n láéláé. Láyé àtijọ́ ọlọ ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́, lónìí bùlẹ́ńdà ń ṣe é, àwọn tó pọ̀ máa ń gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ata kọ́ o! Ẹ bẹ onímọ́tò ẹ̀rọ kó fọ̀ ọ́ dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fréjọ̀n yín á ta lẹ́nu bí ọbẹ̀. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí èèpo má bàa sí nínú rẹ̀.

Àgbọn ni iṣẹ́ tó kù. Omi tó wà nínú àgbọn kọ́ là ń wí, ẹ fún àwọn ọmọ mu. Ẹ rin ẹran àgbọn, ẹ da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ẹ fún un. Èyí tó kọ́kọ́ jáde ki, ó sì lọ́ràá. Ẹ gbé e sọ́tọ̀. Ẹ tún da omi sí i, ẹ fún ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn á ṣàn díẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí lẹ ó kọ́kọ́ fi sórí ẹ̀wà lórí iná. Àkọ́fún, tó ki, ìgbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ ó tó dà á sí i. Ìdí ni pé bí àkọ́fún bá hó pẹ́, òróró inú rẹ̀ á yà kúrò lára omi, ojú ọbẹ̀ á wá dà bí ìgbà tí wọ́n da epo sí odò. Ẹ bu ṣúgà sí i ní ìwọ̀nba, ẹ ta iyọ̀ díẹ̀ sí i. Níbi ṣúgà yìí ni ìjà wà. Ìdílé kan á ní bí kò bá dùn bí mínísìrá kì í ṣe fréjọ̀n, ìdílé kejì á ní ṣúgà ń bo òórùn àgbọn mọ́lẹ̀. Mo wà lẹ́yìn ìdílé kejì.

Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kúrò nídìí ìkòkò náà. Ó ń ta sí ni lára bí àmàlà tó ń hó, ó sì ń jó nísàlẹ̀ bí a bá fi ojú kúrò lára rẹ̀. Ẹ máa rò ó, ẹ máa rò ó.

Ẹran kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn Ìjọ Àgùdà kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà. Ẹja díndín, ọbẹ̀ ata tó gbóná janjan, ìgbín tí wọ́n fi ata yí, àti gàárì Ìjẹ̀bú tí wọ́n bù lé e lórí. Adùn àgbọn, ata, iyọ̀, àti kíkan gàárì, gbogbo rẹ̀ pàdé lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbín Sandgrouse ni mo fẹ́, ẹni tó bá mọ Èkó mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọmọ Àgùdà tún ní ìmóyò, tí wọ́n fi omi ẹja, tòmátì, ata àti ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe, tí wọ́n á fi omi ẹja kan náà te èbà. Ìmóyò kò gba àsìkò bíi fréjọ̀n. Ẹni tó bá ti ibi iṣẹ́ dé láago méje lè jẹ ẹ́ kí aago mẹ́jọ tó lù. Èmi ò mọ ìdí tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa fi gbàgbé rẹ̀ tí wọ́n ń se indomie.

ÀWO TÓ Ń RÌN

Adùn fréjọ̀n kì í ṣe nínú ìkòkò nìkan. Ẹni tó bá sè é tí kò gbé e fún ará ilé kejì, ẹnu á kùn ún. Ọmọ Mùsùlùmí tó fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí ọ lọ́dún tó kọjá, àwo tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dé. Àbúrò ìyá tó kó lọ sí Olówógbowó, àwo tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dé. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, ìyá arúgbó tí kò lè rò nǹkan mọ́, ẹni tó ń gbé àwọn ọmọ rẹ lọ sílé ẹ̀kọ́. Lórí àwo yìí ni Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí Ìsàlẹ̀ Èkó fi ń mọ ara wọn ní ẹbí láti ayé àwọn tó kọ́ mọ́sáláàṣí Shitta-Bey.

Ọ̀tá àwo yìí méjì ni: ọ̀nà jíjìn àti ọ̀wọ́n gógó.

Ọ̀nà jíjìn ti pẹ́. Ní ọdún 1955 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n ní wọ́n dọ̀tí, wọ́n ní wọ́n há, àjọ LEDB sì ń kó àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Súrùlérè. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn èèyàn náà, ìwé tó kọ nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1961. Ilé tuntun dára, omi wà, àyè gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ọlọ́jà pàdánù oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ sì sọ àbẹ̀wò ẹbí di ohun tí èèyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó máa ń na ọwọ́ gba àwo lójú fèrèsé ìyá rẹ̀ wá di ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì kó tó rí ìyá rẹ̀. Ilé tí wọ́n wó, wọ́n lè tún un kọ́. Àwo tó dúró lójú kan, ta ni yóò tún un gbé?

Ẹ tún rántí ọdún 2020. Lálẹ́ 30 March ni wọ́n sé Èkó mọ́lé nítorí àrùn kòrónà. Ọjọ́ 10 April ni Ẹtì Rere bọ́ sí. Kò sí ìsìn ní Kàtídírà, kò sí ọkọ̀, kò sí karẹ́ta lọ́jọ́ Àjíǹde. Ẹni tó sè é nílé jẹ ẹ́ nílé. Ọmọ tó wà ní Súrùlérè kò lè wá gba tirẹ̀ ní Làfíàjì.

Ti ọ̀wọ́n gógó, kí ni mo tún fẹ́ sọ tí ẹ kò mọ̀? Ní May 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà epo bẹtiróòlù tí a ń rà ní nǹkan bí náírà 185 l'Ékòó di 488 lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó fi máa di October 2024, ó ti di 998 ní ilé epo NNPC. Gbogbo ohun tó ń gun ọkọ̀ wá sọ́jà gun òkè tẹ̀lé e: ẹ̀wà láti Òkè Ọya, àgbọn láti Bàdágírì, ẹja nínú yìnyín. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àwo tí ìyá mìíràn ń gbé jáde ti dín kù láti mẹ́wàá sí mẹ́ta. Ojú ń tì í, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìdílé mẹ́ta sè é pọ̀ nínú ìkòkò kan. Iná kan, ẹ̀rọ kan, àwọn ọwọ́ púpọ̀ láti rò ó. Ní ilé oníyàrá rẹpẹtẹ tó ní ilé ìdáná kan, kì í ṣe ohun tó ṣòro. Ẹ dín ṣúgà, ẹ dín ìgbín, ẹ má dín àwo.

KẸ̀KẸ́ TI WÁ JẸ́?

Ẹ ti ń bi ara yín léèrè pé níbo ni kẹ̀kẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹ má kánjú.

Kẹ̀kẹ́ tí mo ń wí, kẹ̀kẹ́ Marwa kọ́. Ìyẹn, orúkọ Mohammed Buba Marwa tó ṣe gómìnà ológun l'Ékòó láàárín 1996 sí 1999 ni wọ́n sọ ọ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń sọ, ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí kì í mu epo, tó jẹ́ pé àmàlà tí ẹni tó gùn ún jẹ ló fi ń rìn. Láyé ìgbà kan, ẹni tó ra Raleigh ti di ẹni ńlá. Tíṣà ń gùn ún, akọ̀wé kóòtù ń gùn ún, olóko kòkó á ra ti tirẹ̀, á fi rọ́bà bo ìjókòó rẹ̀, á máa nù ún ní gbogbo ìgbà bí ẹni nu ọmọ. Lónìí, bí wọ́n bá rí ọ lórí rẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé kò sí nǹkan?" Wọ́n rò pé ìyà ló gbé ọ gùn ún. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará Netherlands ní òkè òkun, tí owó wọn pọ̀ ju tiwa lọ, kẹ̀kẹ́ wọn ju iye èèyàn ìlú wọn lọ. Ní Ouagadougou nítòsí wa níbí, ìyá ọlọ́jà ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà, pẹ̀lú ìró àti gèlè, kò sí ẹni tó ń wò ó.

Ní tiwa, kẹ̀kẹ́ àti oúnjẹ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ara wọn rìn. Ta ló ń gbé búrẹ́dì Agége kiri láàárọ̀? Ọmọ wo ni kì í sáré jáde bó bá gbọ́ agogo oní Fan Milk lórí kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ búlúù?

Ní 1 June 2022, ìjọba fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Lagos Island sì wà nínú rẹ̀. Òfin ti 2020 ti ṣáájú rẹ̀. Àwọn tó máa ń fi ọ̀kadà gbé ìkòkò ọbẹ̀ láti Làfíàjì lọ sí Ìdúmọ̀tà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn tàbí kí wọ́n wọ kóròpe. Èmi ní tèmi, mo ní kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Gbogbo Erékùṣù Èkó, láti Oníkàn títí dé Olówógbowó, kò tó kìlómítà 5. Ẹni tó bá ń wà á wọ́ọ́rọ́wọ́, tí kò sáré, tó dúró kí èèyàn méjì lójú ọ̀nà, kò lè lo wákàtí kan.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ló wà fún un. Láàárọ̀ Mọ́ńdè ní Broad Street, mi ò ní rán ọ̀tá mi lórí kẹ̀kẹ́. Dánfó kò mọ̀ ọ́, ọlọ́mọlanke ò ní yà fún ọ, gọ́tà kan á sì ṣí ẹnu sílẹ̀ dè ọ́. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ kẹ̀kẹ́, kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, àti Ẹtì Rere tí ìjọba fi ṣe ọlidé. Nígbà yẹn, báńkì ti tì, ìsọ̀ ti tì, ojú títì fẹ̀ bí ẹni pé wọ́n gba ogiri kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ti Làfíàjì jáde, ẹ yí Campos ká, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ Kàtídírà kọjá sí Tafawa Balewa Square. Pápá ìdíje ẹṣin ni ibẹ̀ títí di 1972, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé àsíá wa sókè ní 1960. Ẹ yà sí Oníkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí ẹ wá bọ́ sí Marina. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà á gbá yín lójú. Ní Kakawá, ẹ wo Ilé Olómi tí ìdílé da Rocha kọ́, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má wá ilé Ilọ́jọ̀ ní Tinúbú, èyí tí wọ́n kọ́ láti 1855. Wọ́n wó o ní September 2016, ọkàn mi kò tíì kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ kan péré ni kẹ̀kẹ́ jẹ́ èèwọ̀ n'Ísàlẹ̀ Èkó, ìyẹn ọjọ́ Ẹ̀yọ̀. Bàtà, ṣùkú, sìgá, ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́, gbogbo wọn ni Adámú Òrìṣà kò fẹ́ rí. Bí wọ́n ṣe jáde ní May 2017, ẹni tó bá ní kẹ̀kẹ́ tì í mọ́ yàrá. Ọpa ọ̀pámbàtà kì í bi èèyàn léèrè ibi tó ń lọ.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń jókòó sídìí ọjà láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ̀yin télọ̀ tí ẹ tẹ̀ mọ́ maṣíìnì, ẹ̀yin ni kẹ̀kẹ́ yẹ jù. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí iyọ̀ tó ń jẹ lóòjọ́ má sì tó gíráàmù 5, ìyẹn kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ. Kẹ̀kẹ́ obìnrin wà, irin àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀, èèyàn kò ní gbé ẹsẹ̀ sókè lójú ayé. Ẹ ra èyí tó ní ìbòrí ṣéènì, kí ìró má bàa há sí i. Bí ojú bá ń tì yín láti wọ ṣòkòtò, ẹ wọ̀ ọ́ sábẹ́ búbà gígùn.

Bí ẹ ó ṣe gbé àwo nìyí. Ẹ bu fréjọ̀n sínú kúlà kékeré tàbí ike oníderí, ẹ má bù ú kún dé ẹnu. Ọbẹ̀ àti ẹja wà lọ́tọ̀, gàárì nínú ọ̀rá. Ẹ tẹ́ àpò sí orí kẹ́ríà, ẹ gbé e lé e, kí ẹ fi rọ́bà túbù tí fọkanáísà gé dì í mọ́lẹ̀ lọ́nà méjì, ní ìbú àti ní òró. Okùn kò dára, ó máa ń tú. Ẹ tẹ táyà wò kí ẹ tó jáde, ẹ dán bíréékì wò, ẹ lu agogo. Ẹ̀yin ará Súrùlérè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ìwé yìí gbé kẹ̀kẹ́ sórí afárá Third Mainland! Ẹ sè é níbẹ̀, kí ẹ fi kẹ̀kẹ́ pín in ní àdúgbò yín. Ẹni tí kò lè dé ilé ìyá rẹ̀ lè di ìyá àdúgbò tirẹ̀.

Àwọn ọkùnrin ńkọ́? Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn kan láti ìsinsìnyí: "Ìyàwó ló ń se oúnjẹ, kí ló kàn mí?" Ó dáa. Ìyàwó yìí náà ló la ọjà láàárọ̀, òun náà ló tì í lálẹ́. Owó rẹ̀ wà nínú owó ilé ìwé àwọn ọmọ, ẹ̀yin ẹ mọ̀, ẹnu yín kàn wúwo láti sọ ọ́ ni. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni yóò ṣà ẹ̀wà, tí yóò rin àgbọn, tí yóò rò ó, tí yóò tún gbé àwo kiri, lọ́dún kan á rẹ̀ ẹ́, á ní kí wọ́n lọ ra ìrẹsì. Ọdún yẹn ni fréjọ̀n máa kú nínú ilé náà, kì í ṣe lọ́wọ́ ọ̀wọ́n gógó. Baálé lè fọ́ àgbọn, agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè gun kẹ̀kẹ́, kó gbé àwo lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀. Ìyá ìyàwó tó rí ọkọ ọmọ rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú àwo lẹ́yìn, àdúrà tí yóò ṣe fún un lọ́jọ́ náà, kò sí ààfáà tó lè ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ kọ̀wé sí ojú ewé lẹ́tà wa, ẹ sọ fún wa bóyá ọkọ yín gbà. Ẹ̀yin ọkùnrin náà, ẹ fèsì, a ó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde.

Bí fréjọ̀n bá ṣẹ́kù lálẹ́, ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wàrà àgbọn máa ń tètè bàjẹ́, iná mànàmáná kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ gbé e kaná kó hó dáadáa, kí ẹ ṣí i sílẹ̀ títí yóò fi tutù, kí ẹ tó bò ó. Láàárọ̀ Sátidé, á ti dì bí ẹ̀kọ. Gàárì Ìjẹ̀bú lórí rẹ̀, omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹja àná tó ti mu ata. Lẹ́yìn náà, ẹ tún gbé kẹ̀kẹ́ jáde, nítorí ọjọ́ Sátidé la máa ń lọ kó àwo wa. Kẹ̀kẹ́ á fúyẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn àwo òfìfo á máa dún kọ̀ǹkọ̀ lórí kẹ́ríà láti Olówógbowó, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ lójú fèrèsé á yọjú, á ní, "Ẹ kú ọdún o, tiwa dà?"